Ẹsẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹrù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti dúró ní Beere rí láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Micra ń bọ̀, kò tíì dúró, èrò ti ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé àpò ń fi àpò la ọ̀nà. Ẹni tó pọn ọmọ ń pariwo pé òun pọn ọmọ. Méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, wọ́n pa ilẹ̀kùn gbàmù, ó di Mọ́kọ́lá! Ìwọ tí o ní ẹsẹ̀ méjì tó le, tí o sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká sọ̀rọ̀, o lè dúró fún ìdajì wákàtí kí o tó rí àyè fìdí lé.

Ó dáa, ẹ wá rò ó wò. Ká ní irin ni ẹsẹ̀ yín. Ká ní ó ní táyà mẹ́ta, ó ní ṣéènì, ó ní búrékì, ó sì fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà Micra lọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé e wọlé nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an ń jà sí àyè? Bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ yín wà.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí mi àti kẹ̀kẹ́ wọn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti fi ewì kọ ọ́, kò jáde. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti débì kan báyìí, ọwọ́ mi á dúró, torí ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣe ohun tí kò yẹ. Ewì a máa jẹ́ kí èèyàn rí ibi fara pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Ọdún 1983 ni wọ́n bí wọn ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ìyá mi máa ń sọ pé ara Àǹtí kì í balẹ̀ nígbà yẹn. Wọn a sáré láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé, wọn a lé adìẹ, wọn a lé ewúrẹ́. Wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà fi mú wọn. Ibà náà lọ lọ́jọ́ kẹrin, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní ìyá wọn ló rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó fi lóyún wọn. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí a tún ń pè ní rọpárọsẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé àjẹsára rẹ̀ ti wà láyé láti ọdún 1955. Odindi ọdún 28 ló fi ṣáájú Àǹtí dé ayé. Kò kàn tètè dé agboolé wa ni.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ti wà láti ayébáyé. Ní Nàìjíríà níbí, Borno ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn, lọ́dún 2016. Kòrónà ti ti ilé ìwé pa nígbà ìkéde náà, èmi àti Àǹtí jọ wà nílé, wọ́n ń rán ìbòmú. Rédíò sọ ọ́, inú mi dùn, mo kígbe. Àǹtí ò gbójú sókè lórí aṣọ.

"Ọpẹ́ ni fún àwọn ọmọ," wọ́n ní. "Wọ́n ti lé àrùn lọ. Bá mi bi wọ́n pé àwa tó ti mú ńkọ́? Ṣé a ti bá a lọ ni?"

Mi ò rí nǹkan fèsì.

Wẹ́dà kan ló bá Àǹtí jó kẹ̀kẹ́ yìí pọ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere méjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà níwájú. Fóòmù tí wọ́n fi awọ bò ni ìjókòó rẹ̀. Pẹ́dà rẹ̀ kò sí nísàlẹ̀, ọ̀kánkán àyà ló wà. Ọwọ́ ni Àǹtí fi ń yí i, ṣéènì á yí táyà iwájú, pẹ́dà kan náà yẹn ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó, ibẹ̀ ni àlùmọ́gàjí, téèpù àti òwú ń gbé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Mọ́tò Àǹtí.

Ẹ má sì rò pé nǹkan tuntun ni. Aláago kan wà nítòsí ìlú Nuremberg ní Jámánì láyé àtijọ́, Stephan Farffler ni orúkọ rẹ̀, kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Ní nǹkan bí ọdún 1655, ó ṣe kẹ̀kẹ́ oníтáyà mẹ́ta fún ara rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń yí i. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò tíì dáyé nígbà náà rárá. Ọdún 1817 ni ọmọ Jámánì mìíràn, Karl Drais, tó gbé èyí tó jẹ́ baba ńlá rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo kẹ̀kẹ́ Àǹtí bí ohun àràmàǹdà, kó rántí pé nínú ìdílé kẹ̀kẹ́, òun ni ẹ̀gbọ́n.

Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọjà'ba. Láti Bẹyẹrúnkà dé Beere, apá wọn nìkan tó o. Láti Beere gun òkè Mápó, ó di iṣẹ́ gbogbo ayé: èmi tí mo bá wà nílé, ọmọ ilé kéú, alábàárù, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Tó bá rẹ̀ wá, à á fi òkúta sẹ́yìn táyà, à á mí. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó lọ́dún 1929, orí òkè ni wọ́n gbé e sí kí gbogbo ìlú lè máa wò ó. Àǹtí kì í wò ó. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, níbi tí kòtò wà. Tí a bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, búrékì á máa ké bí ọmọ tí ebi ń pa.

Nínú Ìbàdàn àtijọ́ yìí, a ti mọ ọ̀nà wa. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pe Àǹtí síbi tí apá ò lè wà á dé.

Ọdún 2023 ni, ẹ̀ka wa fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà. Èèyàn 22 ló máa jó, wọ́n ń wá aránṣọ. Mo nawọ́ sókè, mo ní Àǹtí mi mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n ní kí wọ́n wá gba ìwọ̀n ara wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Àǹtí fi téèpù kọ́rùn bí ẹni tó ti dé ibẹ̀. Owó iṣẹ́ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀rọ tí ń gbá etí aṣọ, èyí tí wọ́n ti ń tọ́jú owó fún láti ọdún mẹ́ta.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílé. N ó pọ̀n yín."

"Ìwọ yóò pọ̀n mí wọ kíláàsì? Kí n wá máa wọn ọmọ ọlọ́mọ láti ẹ̀yìn rẹ? Kẹ̀kẹ́ mi ń lọ."

Ẹ sì rántí bí nǹkan ṣe rí lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ tuntun sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo fò sókè, owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e, èrò sì ń bá kọ̀ńdọ́ jà lórí gbogbo náírà. Àkókò yẹn gan-an la gbé kẹ̀kẹ́ jáde.

A kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Micra àkọ́kọ́ dín eré kù, ó rí kẹ̀kẹ́, ó tẹná. Èkejì dúró, awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ mi ò lè gba èyí, ẹ dúró de dáńfó." Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan, orí ló mì. Mo ka mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò kà mọ́.

Nígbà tó yá, dáńfó kan dé. "Mọ́kọ́lá, Sángo! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Kọ̀ńdọ́ wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Méjì," mo ní.

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹni méjì, ẹrù ẹni mẹ́ta. Igba náírà lọ́nà márùn-ún, ₦1,000."

Àǹtí ní, "Ẹrù wo nìyẹn, ọmọ mi? Ẹsẹ̀ mi mà ni."

"Mà, ẹsẹ̀ tí mo mọ̀ kì í ní táyà."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín kí n tó rántí ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

A dúnàádúrà títí ó fi gba ₦800. Mo pọn Àǹtí wọlé, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀, wọ́n fi okùn dì í mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe sí ibi tí a bá pè lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, orí ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ Àǹtí mi gbà dé Mọ́kọ́lá.

Ìyá kan lẹ́yìn wa gbàdúrà sókè pé, "Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ dán wa wò o," ọkọ̀ sì ṣe àmín. Ìyá mìíràn na ₦50 sí Àǹtí. Àǹtí gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Aránṣọ ni mí, mi ò ṣagbe. Ẹ gbé aṣọ wá bá mi ní Ọjà'ba, ẹ ó sì rí i pé mo mọ̀ ọ́n rán."

Ọkọ̀ dákẹ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kì í ṣe pé ohun tí Àǹtí sọ burú. Ojú gbogbo èrò ló ti wá sọ́dọ̀ wa.

Ibi tí ewì mi ti máa ń kú rèé. Ẹnìkan tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà wọlé lójú ọ̀nà. Àyè kan ló kù, iwájú mi gan-an ni. Ó rí mi, ó yọ̀.

"Akéwì! Kẹ̀kẹ́ ta ló wà lókè yẹn?" Ó wá rí Àǹtí, ó rí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ká. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ta ni wọ́n?"

Mo ní, "Mo kàn ń bá wọn gbé ẹrù ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Bí ẹni pé Beere la ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Àǹtí tó rán aṣọ ilé ìwé mi láti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama. Àǹtí tó san owó fọ́ọ̀mù JAMB mi, tí wọ́n fi owó náà sínú àpótí abẹ́ ìjókòó tí wọ́n sì wà á wá fún mi lójú òjò. Mo ní mo ń bá wọn gbé ẹrù.

Àǹtí gbọ́. Àyè tó wà láàárín wa kò tó ìka kan. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọn ò wí nǹkan kan.

Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ ò dúró tán. "Ó wà o! Ẹ bọ́lẹ̀ kíákíá, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn!" Bí mo ṣe ń pọn Àǹtí sọ̀kalẹ̀ ni kọ̀ńdọ́ tú okùn. Kẹ̀kẹ́ já, táyà iwájú ló fi balẹ̀, ríìmù rẹ̀ tẹ̀. Kí n tó yíjú padà, dáńfó ti lọ. Ẹni tí a jọ wà ní kíláàsì náà ti bá a lọ sí Sángo.

A rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀, a sanwó láìjiyàn, a dé ọgbà. Àǹtí gba ìwọ̀n èèyàn 22 lórí kẹ̀kẹ́ tí iwájú rẹ̀ ń mì bí ọ̀mùtí. Wọ́n bá gbogbo wọn ṣàwàdà, wọ́n rántí orúkọ oníkálukú. Èmi nìkan ni wọn ò wò lójú. Ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ká téèpù sínú àpótí, wọ́n pè mí:

"Akéwì, ẹrù ti ṣe tán. Wá gbé e."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọn ò sọ pé wọ́n dárí jì mí, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé wọ́n sọ ọ́.

Oorun ò kùn mí. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń kọ́, ohùn àti ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo ń yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn po lórí ibùsùn. Ẹrù, ẹ̀rù. Ohùn kan péré ló là wọ́n. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nínú ọkọ̀ ni ẹrù, àmọ́ ohun tó tì í jáde ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù pé wọ́n máa fi ojú tí wọ́n fi ń wo Àǹtí wo èmi náà. Èmi tí mo ń gba máàkì lórí àmì ohùn, mo ṣi ohùn sọ níbi tó ti ṣe pàtàkì jù.

Mo tún ro bí a ṣe ń pe irú Àǹtí. A ní arọ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń sọ bí ẹni ń sọ òkò. Àwọn àgbà ní ẹni òrìṣà; wọ́n gbà pé Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín, Ọbàtálá ló ń fi ṣẹ̀sín. Rédíò òde òní ní àkàndá ẹ̀dá. Mo ti bi Àǹtí rí pé èwo ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, "Aránṣọ."

Ibi tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kiri ni mo ti rí ohun kan tó wà lábẹ́ imú wa. Ẹ wò ó: a máa ń wọ aṣọ, a máa ń wọ bàtà, a máa ń wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà wọ dáńfó láàárọ̀ yìí, kọ̀ńdọ́ wo ló gba owó bàtà lọ́wọ́ yín? Kò sẹ́ni tó gbà á, torí bàtà ti di ara ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Àǹtí, wíwọ̀ ni wọ́n wọ̀ ọ́. Wọn ò rù ú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa òfin ló wá sọ fún mi pé òfin wà. Oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó tako fífi ọwọ́ rọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá sẹ́yìn. Ó ní kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ ò pé tó wọlé tàbí kó tó bọ́lẹ̀. Ó ní kí àwọn ọkọ̀ ìjọba ní ibi dídagun tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún náà sì pé ní oṣù Kínní 2024. Mo sáré dé Bẹyẹrúnkà lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

"Àǹtí, òfin wà o!"

Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé òfin náà máa ń dúró ní Beere láàárọ̀?"

Ẹ má bínú sí Àǹtí. Wọn ò kórìíra òfin. Ọkọ̀ tí kò dúró fún wọn rí ni wọ́n mọ̀. Mo ní ní London, bọ́ọ̀sì ní pẹpẹ tí wọ́n ń nà sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ aláìlẹ́sẹ̀ yí gorí rẹ̀ wọlé. Àǹtí ní kí n fi London sílẹ̀, kí n sọ ibi tí ó jọ ti wa.

Mo wá sọ ti Kinshasa. Odò Congo ló là á sí ọ̀tọ̀ sí Brazzaville, ọkọ̀ ojú omi ni èrò ń wọ̀ kọjá, ó sì máa ń kún débi pé orí ni èèyàn ń rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ọkọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá kéré ju ti ẹlòmíràn lọ níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó bodè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ wọn ní títóbi, wọ́n di ọjà sínú rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣòwò láti èbúté kan dé èkejì. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn bá wọn ti kẹ̀kẹ́. Ní ìlú kan náà, àwọn olórin kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú, Staff Benda Bilili, ń gbé orí irú kẹ̀kẹ́ yìí kọrin, wọ́n gbé àwo orin jáde lọ́dún 2009, wọ́n sì ṣe fíìmù nípa wọn lọ́dún 2010. Mo fi fíìmù náà han Àǹtí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi. Wọn ò gbọ́ Lìǹgálà, wọn ò gbọ́ Faransé, àmọ́ wọ́n sún mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wò.

"Wo bó ṣe di iwájú rẹ̀ mọ́ ọn," wọ́n ní. "Wò ó dáadáa. Àwọn yìí ò jẹ́ kí wọ́n pe kẹ̀kẹ́ ní ẹrù. Kẹ̀kẹ́ ló ń ru ẹrù."

Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n ti àwọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà gé iwájú kẹ̀kẹ́ kúrò lára ìdí rẹ̀, ó jó irin mìíràn mọ́ ọn, ó fi bóòtì méjì dè é. Tí a bá fi sípánà tú bóòtì méjèèjì, táyà iwájú pẹ̀lú pẹ́dà rẹ̀ á jáde lọ́tọ̀, ìjókòó pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn á kù. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó tún jó agbọ̀n irin kan sẹ́yìn ìjókòó. Inú agbọ̀n yẹn la di aṣọ 22 sí lọ́jọ́ tí a fẹ́ kó wọn lọ.

A ò lọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ mọ́. Aago mẹ́wàá la jáde, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ tán. A ò dúró lẹ́bàá títì, ibùdókọ̀ tí dáńfó ti ń gbèrò díẹ̀díẹ̀ la lọ. Mo tú bóòtì. Kọ̀ńdọ́ mìíràn ni, ó ti ń wo ẹrù.

Àǹtí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Ẹni mẹ́ta la jẹ́," wọ́n ní. "Èmi, ọmọ mi, àti ẹsẹ̀ mi. Má kà á mọ́ ẹrù. Kà á mọ́ èèyàn, kó wọlé kó jókòó."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí ò korò. "Ó dáa, mà. Ẹni mẹ́ta." Ó bá wa gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo gbé táyà iwájú lé itan, gírísì rẹ̀ yí mi láṣọ.

Mo rọra sọ fún Àǹtí pé kò yẹ kí wọ́n san ti ẹni kẹta. Òfin ò bá a mu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àrùn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò tún máa san owó ẹni méjì títí ayé? Àǹtí ní àyè ló gbà, àwọn sì ní owó àyè. "Owó ìtìjú ni mi ò ní san mọ́."

Títí di òní a ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Mo ṣì gbà pé èmi ni mo jàre, wọ́n ṣì gbà pé àwọn ni àwọn dé ibi tí àwọn ń lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé aṣọ dé, ijó dùn, ẹ̀rọ tí ń gbá etí aṣọ sì ti wà ní Ọjà'ba báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́.

Ohun kan ló kù. Láti Beere dé ọgbà lọ́jọ́ kejì yẹn, mo ń retí kí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Mo ń wo ojú gbogbo ẹni tó wọlé. Kò sẹ́ni tó bi mí. Èèyàn kì í sábà rí ààyè kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ìwọ tí a jọ wà nínú dáńfó láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, tó o bá ṣì rántí: o bi mí pé ta ni wọ́n. Àbúrò ìyá mi ni. Aránṣọ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ọjà'ba. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò bá wọn gbé ẹrù kankan.